Mélòó Nínú Mélòó? Èrò Mi Lórí Ìyọ-Ẹ̀ẹ̀mẹta Nínú Béèsìbọ́ọ̀lù

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò béèrè pé kí ló pa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pọ̀ mọ́ béèsìbọ́ọ̀lù, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi gbá. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, ó sì kan gbogbo ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin. Ìpínlẹ̀ Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí eré yìí ti fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Pápá tí a yà sọ́tọ̀ fún un wà ní Adéwọlé, nínú ìlú Ìlọrin níhìn-ín. Nígbà tí Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Àbújá ní ọdún 2003, béèsìbọ́ọ̀lù wà lára eré tí wọ́n ṣe. Ẹni tó bá sì ń rò pé eré náà jìnnà sí ìran wa, kí ó rántí ìlú Matanzas ní orílẹ̀-èdè Cuba. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, ti pa ìlù àti orin òrìṣà mọ́ títí di òní. Níbẹ̀ kan náà ni pápá Palmar de Junco wà, tí wọ́n ti gbá béèsìbọ́ọ̀lù ní ọdún 1874.

Òǹkà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, èyí tí àwọn tó ń kọ ìròyìn eré náà ń pè ní strikeout rate. Èrò mi ni pé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yìí fi nǹkan pamọ́, àti pé bí a bá fi Yorùbá sọ ọ́ bó ṣe yẹ, ohun tó fi pamọ́ yóò hàn síta.

Kí á kọ́kọ́ ṣe àlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ eré náà. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan mú igi dání, ó ń dúró dè é. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ibi tó tọ́ kọjá tí ẹni tó mú igi kò gbá a, tàbí tí ó fi igi gbá a tí igi kò bà á, adájọ́ yóò ka ẹyọ kan sí i lọ́rùn. Bí èyí bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó parí fún un, kí ó gbé igi rẹ̀ padà sí ìjókòó. Bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá sì jù ú síbi tí kò tọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹni tó mú igi yóò rìn lọ sí ibùdó àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ti yọ, yálà nípa báyìí tàbí lọ́nà mìíràn, igi yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti gbá tiwọn tán, abala kan parí nìyẹn. Abala mẹ́sàn-án ló wà nínú eré àwọn àgbà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kù. A kò lè pe ẹni tó mú igi ní agbábọ́ọ̀lù, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ayò ti gba orúkọ yẹn tipẹ́. A kò sì lè tìtorí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ pè é ní ọlọ́pàá, kí ará ìlú má baà sá. Afigigbá ni mo fara mọ́. Ẹni tó dojú kọ ọ́ ni ajùbọ́ọ̀lù. Ní ti strikeout gan-an, ẹnu lè yá ẹni láti sọ ọ́ ní ìgbófo, nítorí pé afigigbá gbá òfo. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Afigigbá mìíràn kì í gbá ohunkóhun rárá. Ńṣe ni yóò dúró tí yóò máa wo bọ́ọ̀lù níran títí adájọ́ yóò fi kígbe. Nítorí náà ìyọ-ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò pé tán. Òfin wà pé bí amúbọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn afigigbá kò bá rí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ẹ̀kẹta mú dáadáa, afigigbá lè sá lọ sí ibùdó àkọ́kọ́ nígbà mìíràn, kí ó má sì yọ mọ́. Síbẹ̀ wọn yóò kọ ìyọ-ẹ̀ẹ̀mẹta sílẹ̀ fún ajùbọ́ọ̀lù. Ìdí nìyẹn tí ajùbọ́ọ̀lù fi lè ní mẹ́rin nínú abala kan ṣoṣo.

Lẹ́tà K ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Henry Chadwick, akọ̀ròyìn tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1824 tó sì lo ayé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti lo lẹ́tà S fún nǹkan mìíràn, ló bá mú lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú struck. Èmi tí mò ń gbé Kwara kò ní bá lẹ́tà K jà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á kọjá sí ọjà Ìpàta, nítorí pé àwọn alátà tó wà níbẹ̀ mọ ìṣirò tí mo fẹ́ sọ yìí ju ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn eré ìdárayá lọ. Ká ní alátà méjì wà, tí kálukú wọn da ogún tòmátì tó ti rà nù lójúmọ́ kan. Èwo nínú wọn ni ọjà rẹ̀ dára? Kò sí oníbàárà kan tó mọ ọjà ná tí yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé nínú apẹ̀rẹ̀ mélòó. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá tú apẹ̀rẹ̀ kan péré, tí èkejì sì tú apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, a ti mọ ẹni tí a óò rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ogún kan náà ni, ọjọ́ kan náà sì ni, àmọ́ ọjọ́ kọ́ ni òṣùwọ̀n tòmátì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ strikeout rate ti dàrú gan-an nìyí. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ yìí pè. Àwọn kan yóò mú iye ìyọ-ẹ̀ẹ̀mẹta tí ajùbọ́ọ̀lù ní, wọn yóò fi iye abala tó jù pín in, wọn yóò sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, nítorí pé abala mẹ́sàn-án ni eré kan. Èyí ni ìyọ fún abala mẹ́sàn-án. Àwọn mìíràn yóò fi iye afigigbá tó dúró níwájú rẹ̀ pín in. Èyí ni ìyọ nínú àwọn tó dojú kọ ọ́, a sì máa ń sọ ọ́ nínú 100. Ẹ lè rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí.

Ajùbọ́ọ̀lù kan wọlé, afigigbá mẹ́ta péré ló dojú kọ. Ó yọ méjì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kẹta gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Abala ti parí. Ajùbọ́ọ̀lù kejì wọlé, afigigbá méje ló dojú kọ. Mẹ́ta nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, wọ́n sì dé ibùdó. Ẹnì kan rìn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan gbá a mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó yọ méjì tó kù lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti gbà wọ́n láyè láti jẹ àmì ó kéré tán kan, nítorí pé ènìyàn mẹ́rin kò lè gba ibùdó mẹ́ta. Bí a bá ṣírò ìyọ fún abala mẹ́sàn-án, àwọn méjèèjì ní 18, ọgbọọgba ni wọ́n. Bí a bá wá béèrè pé nínú ènìyàn mélòó, ẹni àkọ́kọ́ yọ méjì nínú mẹ́ta, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 67 nínú 100. Ẹnì kejì yọ méjì nínú méje, nǹkan bíi 29 nínú 100. Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ń ṣe ojúsàájú fún ajùbọ́ọ̀lù tí abala rẹ̀ ń pẹ́, nítorí pé bí afigigbá ṣe ń dé ibùdó tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí àwọn mìíràn tí ó lè yọ. Ìkùnà rẹ̀ ló ń bá a wá àǹfààní!

Ẹ jẹ́ kí á mú àwọn àgbà eré náà. Ní ọdún 1973, Nolan Ryan yọ ènìyàn 383 lẹ́ẹ̀mẹta, nínú abala 326. Kò sí ẹni tó tíì ní iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú sáà kan láti ìgbà tí ọ̀rúndún ogún ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2019, Gerrit Cole ti ẹgbẹ́ Houston Astros yọ 326. (Ẹ kíyè sí i pé 326 ni iye abala ti Ryan, òun náà sì ni iye ìyọ ti Cole, ẹni tó bá kàn ń ka òǹkà láìbéèrè òǹkà kí ni yóò ṣi ọ̀nà níbí.) Bí a bá wo iye nìkan, Ryan fi 57 jù ú lọ. Ṣùgbọ́n afigigbá 1,355 ló dojú kọ Ryan, tó fi jẹ́ pé ó yọ nǹkan bíi 28 nínú 100. Àwọn 817 péré ló dojú kọ Cole, ó sì yọ ogójì nínú 100, ó dín ṣín-ún.

Ṣé Cole ló wá jù ú lọ nìyẹn? Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ní ọdún 1973, bí a bá kó gbogbo afigigbá inú líìgì ńlá Amẹ́ríkà jọ, nǹkan bíi 14 nínú 100 ìgbà tí wọ́n dúró ni wọ́n ń yọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní 2019, ó ti di 23. Ayé ti yí padà: àwọn ajùbọ́ọ̀lù ń jù ú kíkankíkan fún àsìkò kúkúrú, àwọn afigigbá náà kò bẹ̀rù ìyọ mọ́ bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe, ohun tí wọ́n ń lé ni kí bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri. Bí a bá fi Ryan wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti gbogbo ayé ìgbà náà. Ti Cole kò tó ìlọ́po méjì. Nínú kí ni, nínú mélòó, nínú ayé wo? Bí ìbéèrè ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdáhùn ń sún mọ́ òótọ́.

Ibi tí iṣẹ́ tèmi ti wọ̀ ọ́ nìyí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, rate jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tó lè dá dúró láìsí alábàárìn. A lè sọ pé rate ẹnì kan ga, kí gbólóhùn náà pé, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wá léèrè ohunkóhun. Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì kà á sí àléébù. Èmi kò kà á sí àléébù. Bí a bá fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lédè wa, gbólóhùn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tipátipá mú wa dé ìdí ọ̀rọ̀: mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "mẹ́ta nínú" tó dákẹ́, gbogbo ènìyàn yóò máa wo ẹnu rẹ̀. Àní ìdajì, tó dà bí ẹni pé ó dá dúró, kò pẹ́ tí a óò fi gbọ́ "ìdajì kí ni?" Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ ohun tí à ń sọ, ó lè sọ ọ́ dáadáa. Ohun tí mo ń sọ ni pé Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀lẹ láyè níbi tí Yorùbá kò ti fún un.

Nítorí ìdí yìí, n kò fara mọ́ àwọn tó máa ń dá ọ̀rọ̀ bíi "ìwọ̀n ìyọ" sílẹ̀ kí ó lè bá rate dọ́gba lẹ́yọ sí ẹyọ. Ìwọ̀n ìyọ dùn létí, ó sì kúrú, àmọ́ àìsàn tó ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni a kó wọlé yẹn. Ìyọ nínú ìdúró ni kí á pe ọ̀kan, ìyẹn ni pé nínú iye ìgbà tí afigigbá dúró níwájú ajùbọ́ọ̀lù; ìyọ fún abala mẹ́sàn-án ni kí á pe èkejì. Wọ́n gùn díẹ̀. Kí wọ́n gùn.

Wàyí o, ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí àwọn onímọ̀ eré náà fi ń gbé ìyọ-ẹ̀ẹ̀mẹta gẹ̀gẹ̀ tó báyìí, nígbà tí ọ̀nà púpọ̀ wà láti yọ afigigbá. Ní ọdún 2001, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Voros McCracken gbé ìwádìí jáde tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ó ní bí igi bá ti ba bọ́ọ̀lù tí bọ́ọ̀lù náà sì wọ inú pápá, agbára tí ajùbọ́ọ̀lù ní lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kéré ju bí a ti ń rò ó lọ: ẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣọ́ pápá wà níbẹ̀, oríire náà sì wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ti ṣe àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yẹ̀. Ìyọ-ẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ajùbọ́ọ̀lù àti afigigbá, láìjẹ́ pé ẹlẹ́gbẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ bà á jẹ́. Fún ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù lórí pápá tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú, tí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmì tí wọ́n jẹ lórí rẹ̀ lè má jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyọ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Ti afigigbá yàtọ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ìyà tí a fi ń jẹ àwọn ọmọdé. Ìyọ-ẹ̀ẹ̀mẹta máa ń tini lójú. Gbogbo ènìyàn ló ń wò ó, ọmọ náà á fi igi wọ́lẹ̀, olùkọ́ á pariwo lé e lórí. Wọn kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀ lé ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù rọra mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan náà ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà: ẹnì kan ti yọ. Ní ọdún 2022, Aaron Judge ti New York Yankees yọ lẹ́ẹ̀mẹta nígbà 175 nínú ìdúró 696, èyí tó jẹ́ 25 nínú 100. Ọdún kan náà ló gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri nígbà 62, tí kò sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú líìgì American League. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Luis Arráez ti Miami Marlins yọ nígbà 34 péré nínú ìdúró 617, kò tó 6 nínú 100, òun ló sì gba ipò kìíní nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù dé ibùdó nínú líìgì National League. Àwọn méjèèjì wúlò, ọ̀nà wọn ni kò jọra. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ tó jọ Judge láti máa bẹ̀rù ìyọ bíi ti Arráez ti sọ ọ́ di ẹni tí kò jọ ẹnì kankan. Mo gbà pé ìyọ tó pọ̀ jù ń pa afigigbá lára. Ọmọ tó ń yọ nígbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá ní iṣẹ́ láti ṣe. Ṣùgbọ́n kí á tó bá a wí, kí á dúró kí ìdúró rẹ̀ pọ̀ ná. Mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ́jọ́ kan kò sọ ohunkóhun fún wa.

Ọ̀rọ̀ tó kù jẹ́ ti àwọn tó ń kọ ìwé eré. Eré àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà tó abala mẹ́sàn-án. Méje ni tàbí mẹ́fà. Bí ọmọ kan bá ju abala mẹ́ta tó sì yọ ènìyàn márùn-ún, ìṣirò abala mẹ́sàn-án yóò sọ pé ó ní 15. Iye yẹn ju ti Cole lọ, ẹni tó ní 13.8! Abala mẹ́fà tí ọmọ náà kò jù rí ni a kà kún un. Bí a bá mọ̀ pé ènìyàn 11 ló dojú kọ ọ́, a ó sọ pé 45 nínú 100, ọmọ náà yẹ ní wíwò. Bí ó bá jẹ́ 18 ni, nǹkan bíi 28 ni, àwọn mẹ́sàn-án sì ti dé ibùdó lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí kò ní hàn nínú ìwé tí wọ́n kọ K márùn-ún sí tí wọn kò kọ iye àwọn tó dojú kọ ọ́. Ìlà kan péré ni yóò gbà nínú ìwé náà. Ọmọ tó bá fẹ́ kí wọ́n fi eré yìí ràn án lọ́wọ́ láti kàwé lókè òkun kò ní ẹ̀rí mìíràn ju ìwé yẹn lọ, nítorí ẹni tó ń ka ìwé náà ní òkèèrè kò sí ní Adéwọlé lọ́jọ́ tí eré wáyé. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yọ̀ǹda ara yín fún irú iṣẹ́ yìí máa kọ sílẹ̀, ní èdè yòówù kí ẹ fi kọ ọ́.

Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Nígbà tí afigigbá bá dúró tó ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ẹ̀kẹta títí adájọ́ fi yọ ọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ K yẹn ní ìdàkejì, kí ẹni tó bá ń ka ìwé lè mọ̀ pé kò gbá nǹkan kan. Mo ti dán "ìyọ-ìwòran" wò, ó jọ pé ẹni tó jókòó sórí àga ìwòran ni mò ń sọ. Mo ti dán "ìdúró-wò" wò, kò dùn létí mi. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá a mu, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àmì ohùn o.